Bí a ṣe ń gbin róòsì olóòórùn, tí a sì ń se omi rẹ̀, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Benin

Róòsì tí a fi ń ṣe omi olóòórùn dídùn kì í ṣe èyí tí ẹ máa ń rí nínú ìdìpọ̀ òdòdó ìgbéyàwó. Èyí tí ọkọ̀ òfúrufú ń kó wá, tí ọ̀pá rẹ̀ gùn, tí orí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ojú ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe imú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní òórùn rárá, oògùn apakòkòrò sì ti kan wọ́n léraléra kí wọ́n tó kúrò lóko. Ẹ má fi í se ohunkóhun tí ẹnu yóò kàn, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Róòsì àtijọ́ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni róòsì Damásíkù, Rosa damascena. Òun ni wọ́n ń gbìn ní Kazanlak ní Bulgaria, ní Isparta ní Tọ́kì, ní Qamsar lẹ́bàá Kashan ní Ìráànì, àti lórí òkè Taif ní Saudi Arabia. Ní Grasse ní ilẹ̀ Faransé, ìbátan rẹ̀ tí àwẹ́ rẹ̀ pọ̀ gan-an, Rosa centifolia, ni wọ́n ń ká nínú oṣù karùn-ún. Ẹ wo àwọn ibi wọ̀nyẹn dáadáa: gbogbo wọn ló ní àsìkò òtútù. Òtútù yẹn ló ń jí igi náà láti tanná. Bí kò bá rí i, ewé ni yóò máa hù. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù nínú ọ̀rọ̀ róòsì lọ́dọ̀ wa: ènìyàn á gbé igi Damásíkù láti Paris wọ Kétu, á bomi rin ín lọ́dọọdún, ewé àti ẹ̀gún ni yóò máa rí.

Èyí tó bá ilẹ̀ wa mu ni Rose Edouard. Erékùṣù Réunion, tí wọ́n ń pè ní Île Bourbon nígbà náà, ni wọ́n ti rí i ní àyíká ọdún 1820. Róòsì Damásíkù onígbà-méjì àti róòsì ilẹ̀ Ṣáínà ló pàdé níbẹ̀ tí wọ́n fi bí i. Ó jogún òórùn lọ́dọ̀ Damásíkù; lọ́dọ̀ ti Ṣáínà, ó jogún àtitanná yípo ọdún láìdúró de òtútù. Ní Íńdíà, pàápàá ní apá gúúsù tí ooru ti mú bíi tiwa, wọ́n ń pè é ní Edward, wọ́n sì ń fi í ṣe omi róòsì àti àdídùn tó ń jẹ́ gulkand.

Bí ẹ kò bá rí Rose Edouard gan-an lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta igi òdòdó, ẹ béèrè róòsì pupa rẹ́súrẹ́sú àtijọ́ tó ń tanná yípo ọdún. Àmì rẹ̀ nìyí: òdòdó rẹ̀ ń jáde ní ìṣù-ìṣù lẹ́nu ẹ̀ka, àwẹ́ rẹ̀ rọ̀, ó sì fẹ́lẹ́, bó bá là ní àárọ̀, kì í pẹ́ rọ. Èyí tó bá lo ọjọ́ márùn-ún nínú ìgò omi láìrọ kì í ṣe òun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ já òdòdó kan ní aago méje àárọ̀, ẹ da àwẹ́ rẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́, ẹ dé e, ẹ gbé e sí ibòji fún wákàtí kan. Bí ẹ bá ṣí i, kí òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ kan yín kí ẹ tó gbé imú sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní láti wá a, ẹ fi igi yẹn sílẹ̀.

Gígé ẹ̀ka fún gbígbìn

Ẹ̀ka la fi ń gbìn ín. Rose Edouard yá láti ta gbòǹgbò débi pé àwọn ará Íńdíà máa ń lẹ róòsì mìíràn mọ́ ìdí rẹ̀, nítorí náà kò sídìí láti lẹ òun fúnra rẹ̀ mọ́ igi kankan. Àsìkò tó dára ni ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, tàbí oṣù kẹsàn-án. Ẹ má dán an wò nígbà ọyẹ́. Ẹ̀ka á gbẹ kí gbòǹgbò tó ronú àtijáde.

Ẹ wá ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná tán, tó nípọn tó pẹ́ńsù. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbó tó, ẹ fi àtàǹpàkò ti ẹ̀gún kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀gún náà bá dá péú tí ojú ibẹ̀ sì mọ́, ẹ̀ka ti tó gé. Bó bá tẹ̀, tó sì bó èèpo dání, kò tíì gbó, yóò jẹrà nínú ilẹ̀. Bí ẹ̀gún bá le koko tí kò fẹ́ kúrò, ó ti gbó jù.

Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ó ní ojú mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìsàlẹ̀, ẹ gé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ojú kan gẹ́lẹ́; òkè, ẹ gé e gbọọrọ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sókè ojú tó kẹ́yìn. Ẹ já gbogbo ewé àfi ọ̀kan lókè, kí ẹ sì gé ìdajì ìyẹn náà kúrò. Ẹ da ìwọ̀n yanrìn odò méjì pọ̀ mọ́ ìwọ̀n kan ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa, ẹ dà á sínú ọ̀rá dúdú tó ní ihò nísàlẹ̀, kí ẹ ki ẹ̀ka náà bọlẹ̀ títí yóò fi ku ojú méjì lókè. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn. Àlàfo tí afẹ́fẹ́ bá wà ní ìdí rẹ̀ máa ń mú un kú. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ọ̀sán kò ní kàn, ẹ wọ́n omi sí i láràárọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, gbòǹgbò ti yẹ kó jáde. Ewé tuntun kọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀. Oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀ka nìkan tó láti ti ewé méjì tàbí mẹ́ta jáde, kí gbogbo rẹ̀ sì gbẹ lójijì. Ẹ má fa ẹ̀ka láti wò ó. Ẹ dúró títí gbòǹgbò funfun yóò fi yọjú ní ihò ìsàlẹ̀ ọ̀rá. Ẹ gé ìlọ́po méjì iye tí ẹ nílò, kí ẹ sì lọ gbìn ín síbi tí yóò dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ilẹ̀ àti omi

Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà, ohun tí ẹ máa ṣọ́ níbẹ̀ sì yàtọ̀.

Ní Àjàṣẹ́, ilẹ̀ rọlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀sà, omi sì súnmọ́ òkè ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Nínú oṣù kẹfà àti ìkeje, ihò tí ẹ gbẹ́ lè kún fún omi láti ìsàlẹ̀. Gbòǹgbò róòsì tó bá dúró nínú omi fún ọ̀sẹ̀ kan yóò jẹrà, ewé á pọ́n, ẹ ó rò pé omi ló ń fẹ́, ẹ ó sì tún bù sí i. Ẹ kọ ebè gíga, sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán, lórí rẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí.

Ní Kétu, ilẹ̀ pupa orí òkè yẹn dára fún róòsì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, ó jìn, omi kì í sì í dúró lórí rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé omi inú ilẹ̀ jìnnà púpọ̀. Ẹni tí kò bá ní àgbá láti gba omi òjò láti orí ilé, kí ó má gbìn ju igi márùn-ún lọ. Igi kan tó ti dàgbà ń fẹ́ omi lítà 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ bù ú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó wọlẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń mú kí gbòǹgbò dúró sókè níbi tí oòrùn ti ń sun ilẹ̀.

Ní Ṣábẹ̀, láàárín àwọn òkè olókùúta yẹn, ilẹ̀ níbi púpọ̀ jẹ́ yanrìn tí kò jìn. Ajílẹ̀ ló ń gbà á là. Ẹ̀bùn tí Ṣábẹ̀ ní ni alẹ́ ọyẹ́: òtútù òru máa ń mú kí òdòdó là díẹ̀díẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì dúró.

Níbikíbi, ihò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìbú, ní gígùn àti ní jíjìn. Ẹ da lítà 10 ajílẹ̀ jíjẹrà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde. Ìgbẹ́ adìẹ gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́ta níta. Èyí tó tutù máa ń jó gbòǹgbò. Láti igi kan sí èkejì, ẹ fi mítà kan àti díẹ̀ sí i. Róòsì ń fẹ́ oòrùn wákàtí mẹ́fà, ti àárọ̀ ló sì dára jù. Ibòji láti aago méjì ọ̀sán kì í pa á lára. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo ẹ̀pà bo ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7, kí ẹ fi ìwọ̀n ọwọ́ kan sílẹ̀ yí ìdí igi ká, torí ikán máa ń gba inú ìbòlẹ̀ wọ èèpo igi.

Eérú dára, ṣùgbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan lọ́dún tó. Bí ẹ bá rí ewé tuntun tó pọ́n tí ìṣàn rẹ̀ sì ṣì wà ní àwọ̀ ewé, eérú ti pọ̀ jù, gbòǹgbò kò rí irin inú ilẹ̀ fà mọ́.

Ìgbà tí a ń rẹ́ ẹ

Bí a kò bá rẹ́ ẹ, róòsì yóò máa tanná díẹ̀díẹ̀ yípo ọdún, òdòdó mẹ́ta lónìí, méjì lọ́la. Ìyẹn dára fún ọgbà, kò dára fún ìkòkò. Ẹni tó fẹ́ se omi gbọ́dọ̀ mú kí gbogbo igi tanná pọ̀ lásìkò kan, rírẹ́ ló sì ń ṣe é.

Láti ọjọ́ tí ẹ bá rẹ́ ẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń gbà kí òdòdó tó là. Nítorí náà ẹ rẹ́ ẹ nígbà tí òjò kékeré ń parí, ní ìdajì oṣù kọkànlá, kí ó lè là ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun nígbà tí òru tutù, tí ìrì kò sì pọ̀. Ẹ gé igi náà wálẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 50 tàbí 60, ẹ fi ẹ̀ka mẹ́rin sí mẹ́fà tó lágbára jù sílẹ̀, ẹ gé gbogbo èyí tó ń kọjá sínú kúrò. Ojú tí ẹ gé e lé lórí gbọ́dọ̀ kọjú síta. Lẹ́yìn náà ẹ fún un ní lítà 5 ajílẹ̀ àti omi tó pọ̀. Ẹ lè rẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìparí oṣù kẹfà, kí ó bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn kékeré oṣù kẹjọ.

Òdòdó tó là lákòókò òjò ńlá kò wúlò púpọ̀. Omi ti fọ òórùn rẹ̀, àwẹ́ rẹ̀ sì máa ń bu kí ó tó dé ìkòkò.

Ohun tó ń bá a jà

Àmì dúdú orí ewé ni ọ̀tá àkọ́kọ́ ní Àjàṣẹ́. Olú kan tí kò hàn sí ojú ló ń fà á, ó sì nílò kí ewé tutù fún nǹkan bíi wákàtí méje láìgbẹ kó tó lè wọlé. Ohun tí a máa ṣe hàn nínú ìyẹn: ìdí igi la ń bu omi sí, kì í ṣe orí ewé, àárọ̀ la ń bu ú, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́, a sì ń fi àyè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gba àárín igi kọjá. Ẹ ṣa gbogbo ewé tó bá já sílẹ̀, ẹ sun ún.

Nígbà ọyẹ́, ẹ yí ewé padà. Bí ẹ bá rí àmì funfun kéékèèké lókè ewé àti òwú tín-ín-rín lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò pupa tín-ín-tín ti wọlé. Omi líle tí a fi fọ abẹ́ ewé láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta, máa ń lé e. Fún iná ewé (kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ewé mu) àti àwọn èèrà tó ń sìn wọ́n, ẹ gún hóró dóńgóyárò gíráàmù 500, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ dáwọ́ dúró ní gbàrà tí èèhù òdòdó bá ti fi àwọ̀ hàn. Òórùn dóńgóyárò kì í fi àwẹ́ òdòdó sílẹ̀, yóò sì bá a wọ ìgò. Oògùn apakòkòrò ọjà, ẹ má kàn án sí igi tí ẹ fẹ́ jẹ òdòdó rẹ̀.

Kíká

Òórùn róòsì jẹ́ òróró tó ń fò lọ nínú ooru. Ó pọ̀ jù nínú òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ní ìdájí. Bí oòrùn bá ti ga, ó ti ń lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Kazanlak àti Isparta fi ń wà nínú oko kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́dọ̀ wa tí oòrùn yá ju tiwọn lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà, kí ẹ sì parí kó tó di aago mẹ́jọ. Òdòdó tí àárín rẹ̀ ti là sílẹ̀ gbayawu, tí ìyẹ̀fun ofeefee rẹ̀ ti di rẹ́súrẹ́sú, ti pẹ́. Ẹ já a dànù kí igi lè bí òmíràn.

Ẹ fi apẹ̀rẹ̀ ká a. Nínú ọ̀rá, òdòdó ń gbóná fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí kan, á sì máa rùn bíi koríko gígé. Òdòdó kan kì í ju gíráàmù 2 tàbí 3 lọ, nítorí náà gíráàmù 250 ń gbà tó ọgọ́rùn-ún òdòdó. Igi méjìlá tí a rẹ́ lọ́jọ́ kan náà ni ó kéré jù tí ẹ fi lè rí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí wọ́n bá ń là dáadáa.

Ẹni tí igi rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lè fi iyọ̀ pa á mọ́. Ẹ da ìwọ̀n àwẹ́ òdòdó mẹ́ta pọ̀ mọ́ ìwọ̀n iyọ̀ kan, ẹ fi ọwọ́ pò ó títí omi rẹ̀ yóò fi jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìgò, ẹ gbé ohun tó wúwo lé e lórí kí ó wà lábẹ́ omi iyọ̀. Lójoojúmọ́ ẹ máa fi tuntun kún un. Yóò dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ibi tútù, bí ẹ bá sì wá sè é, iyọ̀ kò ní bá ooru gòkè. Àwọn aṣòórùn Yúróòpù àtijọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti oníyọ̀ yìí kò wà fún àdídùn o, omi nìkan ni.

Síse omi róòsì

Ẹ má retí òróró. Ó ń gba nǹkan bíi 3,000 sí 4,000 kílò òdòdó Damásíkù láti rí òróró kílò 1. Omi ni tiwa, ó sì tó, nítorí pé èròjà kan tó ṣe pàtàkì nínú òórùn róòsì, phenylethyl alcohol, máa ń yòrò dáadáa sínú omi.

Fún gíráàmù 250 àwẹ́ òdòdó, ẹ wá ìkòkò tánganran tí kò tíì bó, tàbí irin tí kì í dípẹtà, lítà 8 tàbí 10. Irin lásán kò dára, ó ń fún omi ní ìtọ́wò. Ẹ dojú abọ́ tánganran kékeré kan dé sí àárín ìkòkò, ẹ gbé abọ́ mìíràn tó ṣí lójú lé e lórí. Ẹ tú àwẹ́ òdòdó yí i ká, ẹ da omi mílílítà 750 sí i. Omi òjò tí a sẹ́ ló dára jù, bó bá sì jẹ́ omi ẹ̀rọ, ẹ ṣí i sílẹ̀ mọ́jú kí òórùn oògùn inú rẹ̀ lọ. Ẹ yí ọmọrí ìkòkò padà kí àárín rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ sí abọ́ náà, ẹ fi ìyẹ̀fun pípò lẹ ẹnu rẹ̀ yíká, kí ẹ wá da omi dídì sórí ọmọrí.

Iná díẹ̀ ni. Ooru á gòkè, á kan ọmọrí tútù, á di omi, á sì máa kán sínú abọ́. Bí omi dídì bá ti yọ́, ẹ bu ú kúrò, ẹ fi òmíràn sí i. Bí ọmọrí bá gbóná, òórùn ń gba ẹnu ìkòkò sá lọ, gbogbo ilé á máa ta sánsán, abọ́ yín kò sì ní ní nǹkan kan. Láàárín ìṣẹ́jú 40 sí 60, ẹ ó rí nǹkan bíi mílílítà 250. Ẹ dúró níbẹ̀. Ìwọ̀n tí a ń tẹ̀lé ni pé omi tí a gbà kò gbọdọ̀ wúwo ju òdòdó tí a fi sí i lọ. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ń rùn bíi ẹ̀fọ́ bíbọ̀, ìwọ̀nba rẹ̀ sì tó láti ba gbogbo èyí tó dára jẹ́.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń se sódàbì ti mọ ìdajì iṣẹ́ ti ìkòkò ńlá: ìkòkò, ọ̀pá, àgbá omi tútù. Nínú ìkòkò lítà 30, òdòdó kílò 3 àti omi lítà 9 tó, kí ẹ sì gba lítà 3. Ṣùgbọ́n ẹ má ya ohun èlò sódàbì lò. Òórùn ọtí kì í kúrò nínú ọ̀pá rẹ̀, bí ẹ ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ọ̀pá bàbà tuntun tàbí ti irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Ti radiétọ̀ mọ́tò, rárá, torí òjé wà níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Àgbá tó ti gbé epo mọ́tò rí kò gbọdọ̀ di ìkòkò.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwẹ́ òdòdó máa ń fò sókè bí omi bá hó ju, ó lè dí ẹnu ọ̀pá. Ooru tí kò rí ọ̀nà jáde yóò gbé ọmọrí sọnù. Nítorí náà ìkòkò kò gbọdọ̀ kún ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, ìyẹ̀fun pípò nìkan ni kí ẹ fi dí ẹnu rẹ̀, ẹ má fi wáyà dì í. Bí nǹkan bá dí, ìyẹ̀fun á kọ́kọ́ là. Omi tó ń jáde lẹ́nu ọ̀pá gbọ́dọ̀ tutù sí ọwọ́. Bó bá ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ẹ dín iná kù tàbí kí ẹ pààrọ̀ omi àgbá: ẹ da ti tútù sí ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ti gbígbóná ṣàn kúrò lókè.

Omi róòsì tuntun máa ń ní òórùn ewé díẹ̀. Ẹ má bọkàn jẹ́, ẹ dé e, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ìyẹn á lọ. Bó bá ń rùn bíi iná, òdòdó ti jóná ní ìdí ìkòkò. Kò sí àtúnṣe. Bí kò bá ní òórùn rárá, ẹ padà wo aago tí ẹ ká a.

Àdídùn

Fún àdídùn ìgò, èyí tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní gulkand, ọyẹ́ ni àsìkò rẹ̀, torí oòrùn mú, afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Ẹ gé ìdí funfun àwẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò. Ibẹ̀ ló korò. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ bí igi yín bá mọ́. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ní ibòji títí kò ní sí ẹ̀kán omi kan. Ìwọ̀n àwẹ́ àti ṣúgà dọ́gba, gíráàmù 200 sí gíráàmù 200. Ẹ tò ó nípele-nípele sínú ìgò gbígbẹ, kí ṣúgà wà nísàlẹ̀ àti lókè pátápátá. Ẹ fi aṣọ tín-ín-rín di ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e sóòrùn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́, ẹ gbé e wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ mejì-méjì ẹ fi ṣíbí onígi tó gbẹ rò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, á dúdú díẹ̀, á ki, á sì máa dán. Bó bá hó tó sì ń rùn bíi ọtí, omi wọ inú rẹ̀ tàbí ṣúgà kò tó. Bí olú funfun bá hù lókè, ẹ dà á nù. Ẹ má kàn ṣíbí rẹ̀ sí ìgò mìíràn.

Fún omi ṣúgà róòsì tí a ń bù sínú omi tútù lásìkò ìṣínu: ṣúgà gíráàmù 650, omi lásán mílílítà 150, omi róòsì mílílítà 200, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kékeré kan. Ẹ gbé ṣúgà, omi lásán àti ọsàn kaná títí gbogbo rẹ̀ yóò fi yòrò. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó bá ṣì gbóná, àmọ́ tí kò hó mọ́, ni kí ẹ da omi róòsì sí i. Bí ẹ bá dúró títí ó fi tutù pátá, ṣúgà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ẹ má din ṣúgà kù, òun ni kò jẹ́ kí ó bàjẹ́. Ọsàn ni kò jẹ́ kí ó padà di hóró.

Ẹni tó ń ṣe súìtì àgbọn lè fi ṣíbí ńlá kan omi róòsì sí gíráàmù 500, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ lẹ́yìn tí ìkòkò ti kúrò lórí iná. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọṣẹ ni yóò máa rùn.

Ìpamọ́

Ẹ se ìgò nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dojú rẹ̀ dé títí yóò fi gbẹ. Ìgò dúdú ló dára, kí ẹ bu ú kún dé ẹnu, torí afẹ́fẹ́ lókè rẹ̀ ń jẹ òórùn. Ìgò kéékèèké mẹ́rin sàn ju ńlá kan lọ. Nínú fíríìjì, yóò tó oṣù mẹ́fà. Lórí tábìlì nínú ooru Àjàṣẹ́, ẹ lò ó láàárín oṣù kan. Bí ẹ bá rí nǹkan bíi òwú tó ń léfòó nínú rẹ̀, ó ti bàjẹ́, àní bí òórùn rẹ̀ bá ṣì dára. Omi róòsì tí a sè nílé wà fún oúnjẹ àti fún ara. A kì í kán an sójú, torí kò sí ohun tó pa kòkòrò inú rẹ̀ tán. Omi pupa àti òdòdó bíbọ̀ tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò, bí kì í bá ṣe ti oníyọ̀, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ dà á sórí àkìtàn ajílẹ̀.